Gúrámì wo ló yẹ táǹkì yín: honey, dwarf, pearl àbí three-spot?

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ẹja ọ̀ṣọ́ nígbà àkọ́kọ́, ara dwarf gúrámì lojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ. Akọ rẹ̀ pupa fòò, ìlà búlúù sì ń dán lára rẹ̀ látorí dé ìrù. Honey tó wà nínú táǹkì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ṣá bí àǹkárá tó pẹ́ lóòrùn, torí ẹja ojo ni, ariwo ṣọ́ọ̀bù sì ti dẹ́rù bà á. Oníbàárà á gbé dwarf relé. Kó tó pé oṣù mẹ́rin, dwarf lè ti kú, kónítọ̀hún má sì mọ ohun tó pa á. Honey tó fi sílẹ̀ yẹn ì bá ti yọ àwọ̀ oyin nílé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Nítorí náà, àwọ̀ tí ẹ rí ní ṣọ́ọ̀bù ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ohun tí ẹ máa wò. Iye lítà omi tí táǹkì yín gbà ló ṣáájú, ìwà ẹja ló tẹ̀lé e, ìlera rẹ̀ ló ṣìkẹta.

Mẹ́rin tó wọ́pọ̀ lọ́jà la gbé síra wọn níbí. Honey, tórúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Trichogaster chuna, àti dwarf, Trichogaster lalius, jẹ́ ẹja odò Íńdíà àti Bangladesh. Pearl, Trichopodus leerii, wá láti agbègbè Malaysia, Sumatra àti Borneo. Three-spot, Trichopodus trichopterus, tàn ká gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Tí wọ́n bá fi blue, gold tàbí opaline hàn yín, three-spot náà ni; àwọ̀ nìkan ló yí padà. Ẹ má sì wá àmì mẹ́ta lára rẹ̀, méjì lẹ máa rí. Ojú rẹ̀ ni wọ́n kà mọ́ ọn.

Gbogbo wọn ló ń ṣe bí ẹja àrọ̀: wọ́n ń mí nínú omi, wọ́n sì tún ń gòkè wá gba afẹ́fẹ́. Ẹ̀yà kan wà nínú orí wọn, lókè ibi tí wọ́n fi ń mí nínú omi, tó ṣẹ́ po lọ́nà púpọ̀. Labyrinth làwọn tó ń sin ẹja ń pè é. Gúrámì tí kò bá rí ojú omi dé lè kú sínú omi bí ẹran orí ilẹ̀, kódà kí pọ́ǹpù máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táǹkì tọ̀sán-tòru. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ bu omi kún táǹkì dé ẹnu. Ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5 sílẹ̀ láàárín omi àti ìdérí. Kí ìdérí má sì ṣàìsí: gúrámì mọ fífò, afẹ́fẹ́ tútù lójú omi gbígbóná sì ń ṣe é ní jàǹbá. Nílùú London lóṣù December, ọ̀rọ̀ ńlá lèyí. N'Íbàdàn, àsìkò ọyẹ́ ni kí ẹ ti rántí rẹ̀.

| | Honey | Dwarf | Pearl | Three-spot |
|---|---|---|---|---|
| Gígùn àgbà ẹja (sm: sẹ̀ǹtímítà) | sm 5 | sm 7 sí 8 | sm 12 | sm 12 sí 15 |
| Táǹkì tó kéré jù | lítà 50 | lítà 60 | lítà 120 | lítà 120 |
| Ooru omi | 23 sí 28°C | 23 sí 27°C | 24 sí 28°C | 23 sí 28°C |
| Ìwà | jẹ́jẹ́, ojo | akọ ń bá akọ jà | jẹ́jẹ́ | oníjà, pàápàá tó bá dàgbà |
| Ewu tó ga jù | ebi, tí ẹja míì bá yára jù ú lọ | àrùn fáírọ́ọ̀sì | táǹkì tó há | kó máa lé àwọn yòókù |

Táǹkì kékeré: honey tàbí dwarf

Táǹkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, tó sì ga ní 30 ló pọ̀ jù nílé àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀. Lítà 54 ni ìṣirò rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ ti yanrìn, òkúta àti àlàfo òkè kúrò, bíi lítà 45 ló kù. Honey ló mọ ibẹ̀ gbé. Akọ kan àti abo méjì, pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tí kì í sáré kiri, bí ember tetra, ti tó. Bí ìwọ̀n inú ìwé bá ní lítà 50, tí tiyín sì jẹ́ 45, ẹ dín àwọn ẹja wẹ́wẹ́ náà kù dípò kí ẹ máa bá ìṣirò jà.

Bí kò tilẹ̀ tó lítà 60, dwarf kan ṣoṣo lè gbé inú rẹ̀ náà pẹ̀lú ìmúra, àmọ́ kò gbọdọ̀ pé akọ méjì. Ìjà wọn kì í sábà lẹ́jẹ̀. Èyí tó lágbára á ṣáà máa lé èkejì kúrò nídìí oúnjẹ, èyí tí wọ́n ń lé á lọ lúgọ sẹ́yìn fílítà, á rù, á sì kú. Olówó ẹja á ní àìsàn ni. Ọ̀rọ̀ míì tún ni pé akọ nìkan ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń kó wá, torí abo dwarf dà bí fàdákà tó pàwọ̀dà, kò yá lọ́wọ́. Tí ẹ bá sọ pé akọ àti abo lẹ fẹ́, tí wọ́n sì bu ẹja méjì tí àwọ̀ àwọn méjèèjì ń dán fún yín, akọ méjì lẹ rà yẹn. Powder blue àti flame tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, dwarf kan náà ni.

Ohun tó mú wa fi honey ṣáájú gan-an ni iridovirus. Fáírọ́ọ̀sì yìí wà lára ọ̀pọ̀ dwarf tí wọ́n ń sìn ní oko ńláńlá ní Éṣíà, ẹja sì lè gbé e wọlé láìṣàìsàn lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Nígbà tó bá yọjú, àwọ̀ á kọ́kọ́ ṣá, ẹja á kọ oúnjẹ, á máa dúró sójú kan nísàlẹ̀, ikùn lè wú, egbò sì lè yọ lára. Kò sóògùn rẹ̀. Oògùn kòkòrò bakitéríà tí wọ́n máa ní kí ẹ rà kò lè mú fáírọ́ọ̀sì, á kàn tún da omi yín rú ni. Ẹni tó bá ń fẹ́ dwarf dandan, kó wá ẹni tó ń sin ín nítòsí, kó rí bàbá àti ìyá ẹja náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, kó sì fi èyí tó rà sí táǹkì ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Honey náà ní ìdẹkùn tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á ló wà. Ẹja kan wà tó ń jẹ́ thick-lip, Trichogaster labiosa, tí wọ́n sábà máa ń fi orúkọ honey tà. Ètè rẹ̀ nípọn, ara rẹ̀ fẹ̀ ju ti honey lọ, ó sì lè tó sẹ̀ǹtímítà 9. Kò burú bí ẹja, ṣùgbọ́n táǹkì lítà 45 ò gbà á. Èyí tó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 7, kì í ṣe honey mọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ju oúnjẹ sí i lójú yín. Ẹja tó le á sáré wá. Ẹ wo okùn tín-ín-rín méjì tó wà lábẹ́ àyà rẹ̀, èyí tó fi ń tọwọ́ bọ nǹkan bí afọ́jú ṣe ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà: kò gbọdọ̀ gé, kò gbọdọ̀ ká kò. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹja náà dé. Tí kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sanwó àsansílẹ̀ kí ẹ sì padà wá. Tí òkú ẹja bá wà nínú táǹkì kan náà, ẹ kọjá lọ.

Tó bá ti tó lítà 120: pearl tàbí three-spot

Níbi yìí, ọ̀rọ̀ ò pọ̀: pearl ni. Ara rẹ̀ kún fún ẹ̀kán funfun bí ẹni wọ́n ìlẹ̀kẹ̀ sí i, ìlà dúdú kan la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ẹnu dé ìrù, àyà akọ sì máa ń pọ́n bí ọsàn tó gbó nígbà tó bá fẹ́ gun. Ó tóbi, síbẹ̀ kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Akọ kan sí abo méjì tàbí mẹ́ta ni kí ẹ kó sínú táǹkì tó gùn tó mítà kan. Ohun tó ń fẹ́ ni ewéko púpọ̀ lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ibi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ jù. Tí ẹ bá fi sí táǹkì tó dán gbòlẹ̀ tí kò séwé, á máa sá pamọ́, ẹ ò sì ní rí ẹwà tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ rà á.

Three-spot rọrùn jù ú lọ láti mú wà láàyè. Omi líle, omi rírọ̀, oúnjẹ àgbélẹ̀rọ, kò sí èyí tí kò lè gbà. Tí kòkòrò hydra bá kún táǹkì yín, ó ń jẹ ẹ́. Ìwà rẹ̀ ló bà á jẹ́. Ní kékeré, á dà bíi pé kò mọ ìjà. Tó bá pé bí ọdún kan, akọ á gba ìdajì táǹkì, á máa gé lẹbẹ ẹja tó bá lọ́ra. Ẹ má fi sínú táǹkì kan náà pẹ̀lú pearl, honey, guppy tàbí angelfish. Ẹja tó le bíi barb tó tóbi ló lè bá a gbé. Ẹni tó bá máa ń gbàgbé láti pààrọ̀ omi, tó sì fẹ́ ẹja ńlá méjì péré, three-spot bá a mu ju pearl lọ. A ò ní tan ara wa.

Nínú àwọn méjèèjì, bí ẹ ṣe máa dá akọ mọ̀ ni lẹbẹ ẹ̀yìn: ti akọ gùn, ó sì ṣẹnu ṣóńṣó, ti abo rí róbótó.

Kissing gúrámì ńkọ́, èyí tó máa ń fi ẹnu kanu? Á tó sẹ̀ǹtímítà 30, ìjà sì ni fífẹnu-konu yẹn sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe ìfẹ́. Giant gúrámì, Osphronemus goramy, ẹja jíjẹ ni wọ́n fi ń ṣe ní Indonesia, ó sì lè kọjá ìdajì mítà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbi tí wọ́n wà.

Omi àti iná

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fẹ́ fílítà tí kì í ti omi kiri. Fílítà fóòmù tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ń fà ló dáa jù fún honey àti dwarf. Kí ẹja tó wọlé, ẹ jẹ́ kí fílítà ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀ tí ẹ ń jù sómi, kí àwọn bakitéríà tó ń pa amóníà, májèlé tó ń ti ìgbẹ́ ẹja wá, run lè gbérú. Àìṣe èyí ló ń pa ẹja tuntun jù. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sẹ̀, kí ẹ sì fọ fóòmù nínú omi táǹkì tẹ́ ẹ fà jáde, kì í ṣe lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Kòlóríìnì inú omi ẹ̀rọ á pa àwọn bakitéríà náà.

Tí iná bá lọ fún wákàtí mélòó kan, gúrámì fúnra rẹ̀ á mí láti òkè, kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í kú bí tetra. Inú fílítà ni ìjàǹbá wà. Àwọn bakitéríà ibẹ̀ ń fẹ́ ọ́síjìn, wọ́n á kú díẹ̀díẹ̀, amóníà á sì gòkè lẹ́yìn tí iná bá ti dé, nígbà tí olúkúlùkù ti gbàgbé. Torí náà, ẹ má fún wọn lóúnjẹ títí iná á fi dé. Pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì á gba gbogbo rẹ̀ là.

Omi bọ́ọ̀hóòlù láwọn ibì kan l'Ékòó máa ń kan. Tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n tó máa ń relẹ̀ bí omi bá ṣe ń kan sí i) bá wà lábẹ́ 6, fílítà ò ní ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ da ìkarahun ìgbín tẹ́ ẹ ti sè tí ẹ sì ti fọ̀ mọ́ sínú rẹ̀, pH á gòkè díẹ̀díẹ̀. Òdìkejì ni ti London, tí omi ẹ̀rọ rẹ̀ le gan-an. Ẹja tí wọ́n sìn lóko á fara da ìyẹn. Ẹ má ra kẹ́míkà tó ń fa pH sókè sódò. Ewé igi furúùtù (Terminalia catappa) gbígbẹ, èyí tó máa ń bọ́ kiri inú ọgbà ilé ìwé, ṣàǹfààní fún honey àti pearl: ewé kan fún lítà 40, tẹ́ ẹ bá ti fọ̀ ọ́. Omi á pọ́n bíi tíì tí kò ki.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n bí

Three-spot ló rọrùn jù láti mú yé ẹyin. Ó lè fi tó ẹgbẹ̀rún sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Honey náà kì í ṣe agídí, àmọ́ ọmọ rẹ̀ kéré débi pé títọ́ wọn ló le. Dwarf rí bákan náà. Pearl ló ń ṣẹ̀rù: tí ènìyàn bá ń kọjá níwájú táǹkì rẹ̀, á fi ìtẹ́ ìfófó tí akọ ń ṣe sójú omi sílẹ̀. Ẹ fi páálí bo iwájú rẹ̀.

Ètò kan náà ni fún gbogbo wọn. Táǹkì lítà 40 fún àwọn kékeré, lítà 80 fún àwọn ńlá. Omi kò gbọdọ̀ jìn ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ, kí ooru rẹ̀ sì jẹ́ 28°C. Kò ní yanrìn. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ ya abo sọ́tọ̀, kí ẹ máa fi tanwíjí bọ́ ọn láàárọ̀ àti lálẹ́ títí ikùn rẹ̀ á fi yọ. Fún ewé orí omi, kò sí èyí tó dà bí ojú oró. Gbòǹgbò rẹ̀ di ìtẹ́ mú, àwọn ọmọ á sì rí oúnjẹ lára rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó kó o wọlé, torí ẹyin ìgbín àti kòkòrò tó ń jẹ ọmọ ẹja máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ìdajì ojú omi ṣófo.

Akọ á gbá afẹ́fẹ́ sẹ́nu, á pò ó mọ́ itọ́, á sì máa tu ú sókè títí ìfófó á fi dì. Ti dwarf ló le jù, torí ó ń já ewé wẹ́wẹ́, á sì hun ún mọ́ ìtẹ́. Ti honey fẹ́lẹ́, ìjì omi kékeré lè tú u. Ti three-spot tóbi, ó sì máa ń tàn kálẹ̀.

Tí abo bá ṣe tán, òun ló máa wá fẹnu kan akọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Akọ á tẹ̀ bí ọrun, á wé mọ́ ọn, á yí ikùn rẹ̀ sókè, àwọn méjèèjì á gbọ̀n fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹyin á sì máa léfòó lọ sókè bí ẹ̀kán òróró, nítorí òróró wà nínú wọn lóòótọ́. Akọ á ṣa èyí tó bá yà, á tu ú sínú ìtẹ́. Wọ́n á tún un ṣe fún bíi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Bó bá ti parí, akọ á kọjú ìjà sí abo. Ẹ yọ abo kúrò pẹ̀lú ife, kì í ṣe àwọ̀n, kí ìtẹ́ má bàa tú. Bí abo ò bá tíì ṣe tán tí akọ sì ń lé e títí lẹbẹ rẹ̀ fi ń ya, ẹ yà wọ́n kí ẹ tún bọ́ abo fún ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Ẹyin á pa láàárín wákàtí 24 sí 36. Àwọn ọmọ á rọ̀ mọ́ ìtẹ́ bí ìrù tín-ín-rín tó ń mì. Lọ́jọ́ kẹta sí ìkẹrin wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ gbọọrọ; ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ yọ bàbá wọn, tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ̀pọ̀ wọn ń kú, ebi ló sì ń pa wọ́n. Oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń tà ò lè wọ ẹnu ọmọ honey. Ọ̀sẹ̀ kan kí ẹja tó yé, ẹ bu lítà méjì omi táǹkì sínú ìgò, ẹ fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó tó ìka méjì sí i, kí ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò ti jó. Á kọ́kọ́ funfun, á rùn. Nígbà tó bá tún mọ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ ó rí ohun tó dà bí eruku tó ń rìn. Ìyẹn loúnjẹ wọn. Bíi mílílítà 100 ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni kí ẹ máa dà sí i, kí ẹ sì ti tọ́jú ìgò kejì sílẹ̀. Ọmọ pearl àti three-spot lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọmọ artemia (edé wẹ́wẹ́ inú omi iyọ̀) ní bí ọjọ́ keje. Ẹ fún ti honey àti dwarf ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ikùn ọmọ tó yó artemia máa ń pọ́n bí ọsàn. Ní ti pupa ẹyin adìẹ tí wọ́n máa ń júwe, omi tó ń bà jẹ́ ju ẹja tó ń bọ́ lọ.

Ikú kejì ń bọ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí labyrinth wọn bá ń dàgbà, tí wọ́n sì kọ́kọ́ gòkè wá gbá afẹ́fẹ́. Tí afẹ́fẹ́ òkè bá tutù ju omi lọ, ogún lè kú lóru ọjọ́ kan. Kí ìdérí wà pa dé pátápátá, kí ẹ sì fi nylon dí etí rẹ̀. Ihò kékeré kan ti tó fún ọ̀nà rọ́bà. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi lójoojúmọ́, pẹ̀lú rọ́bà tín-ín-rín tó ń kán tó-tó-tó.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ máa ṣà wọ́n sọ́tọ̀ ní ìtóbi. Pàápàá three-spot, torí ńlá inú wọn á máa gbé kékeré mì. Ẹ sì ti mọ ẹni tó máa gbà wọ́n kí ẹ tó jẹ́ kó yé, nítorí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọmọ three-spot ò lè gbé ilé ẹnikẹ́ni, dídà wọ́n sódò kò sì sí lára ohun tẹ́ ẹ lè ṣe. Ti honey, tí wọ́n bá pé oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ọ̀fun akọ á máa dúdú. Ẹ ya èyí tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ dúdú sọ́tọ̀ fún ìran tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi àbúrò rẹ̀ mélòó kan gba abo lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ń sin honey, kó má bàa jẹ́ pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lẹ máa fi yé.